Owó Ùsítáàsì: Sàárà Ni Tàbí Owó Iṣẹ́?

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, àti ẹ̀yin òbí wa, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí jẹ́ èyí tí àwa olùkọ́ kéwú máa ń sọ láàrin ara wa lẹ́yìn ìrun Alásárì, ṣùgbọ́n tí a kì í gbé jáde sí gbangba nítorí ìtìjú. Ọ̀rọ̀ iye owó tí ẹni tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Lárúbáwá àti Àlùkùránì ń gbà ni. Ṣé ó tọ́ kí ó gba owó rárá? Bí ó bá tọ́, èló? Àti pé, orúkọ wo ni kí á máa pe owó náà? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ó dà bí ẹni pé ó kéré jù, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni a rò pé wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo bí ó ṣe máa ń rí. Nígbà tí òbí bá pe olùkọ́ tí yóò máa wá kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì nílé, owó ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ. Ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀? Wákàtí mélòó? Èló lóṣù? Olùkọ́ yóò dá iye tirẹ̀, òbí yóò ní kí ó dín in kù, wọn yóò sì pàdé níbì kan. Kò sí ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé olùkọ́ ìṣirò fẹ́ràn ayé jù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, òbí kan náà pe Ùsítáàsì kí ó wá máa kọ́ àwọn ọmọ kan náà ní kéwú, nínú pálọ̀ kan náà. "Ààfáà, ẹ ṣáà bá wa kọ́ wọn, a ò ní gbàgbé yín." Ó parí. Bí oṣù bá ká, tí Ùsítáàsì bá rọra wúkọ́, wọn a ní, "Láádá yín ń bẹ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun." Àmín ni yóò ṣe, nítorí kò sí Mùsùlùmí tí yóò kọ irú àdúrà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n onímọ́tò tí yóò gbé e dé ilé kì í gba àmín.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ní ayé tiwọn, ààfáà jókòó sórí awọ àgùntàn, àwọn ọmọ yí i ká pẹ̀lú wàláà àti tàdáwà. Ohun tí ń wọlé fún un kéré níye, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ni. Ọmọ a mú kọ́bọ̀ díẹ̀ wá ní Ọjọ́rú. Bí ó bá kà á dé Alam tara, ìyá rẹ̀ a se oúnjẹ wá, tàbí kí bàbá rẹ̀ mú àkùkọ kan wá. Bí ó bá parí Àlùkùránì, wòlímọ̀ dé, aṣọ àti owó a tẹ ààfáà lọ́wọ́. Àwọn tí ó dàgbà nínú ọmọ kéwú ń bá a ro oko. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ààfáà fúnra rẹ̀ ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́: àgbẹ̀ ni, tàbí ahunṣọ, tàbí aránṣọ, tàbí oníṣòwò. Iṣu ti wà lóko kí sàárà tó dé. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, kò sí aburú nínú kí á pe ohun tí a fún un ní sàárà, nítorí pé kì í ṣe òun nìkan ni ó ń jẹ.

Lẹ́yìn náà ni ayé yí. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òwúrọ̀ ọmọ di ti ilé-ìwé, kéwú bọ́ sí ìrọ̀lẹ́ àti Sátidé òun Sọ́ńdè. Ọdún 1955 yìí kan náà ni Sheikh Adam Abdullah al-Ilori (kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn), tí wọ́n fi ayé sílẹ̀ ní 1992, gbé Markaz tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952 wá sí Agége. Kéwú níbẹ̀ di ti kíláàsì, pátákó, ìdánwò àti ìwé-ẹ̀rí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn, àti àwọn ààfáà mìíràn tí ó rí i pé ètò náà dára, dá irú rẹ̀ sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ohun ayọ̀ ni èyí fún Ìsìláàmù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣe sí olùkọ́. Ùsítáàsì tí ń kọ́ kíláàsì ìdádì ní nahw, sarf, hádíìsì àti fíkíhì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní àsìkò, kí ó pe orúkọ, kí ó máàkì ìwé, kí ó ṣètò ìdánwò. Kò lè máa hun aṣọ lọ́wọ́ kan. Kò ní oko, ọmọ kéwú tí yóò bá a ro ó sì ń bọ̀ láti ilé-ìwé ní aago méjì. Gbogbo iṣẹ́ náà ti yí padà. Orúkọ owó nìkan ni kò yí.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò díẹ̀. Ká ní ilé kéwú kan ní ọgọ́ta ọmọ, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń mú ₦200 wá lọ́sẹ̀. Bí gbogbo wọn bá san, ₦12,000 ni lọ́sẹ̀, ₦48,000 lóṣù. Ẹni tí ó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí rí mọ̀ pé gbogbo wọn kò ní san. Ká ní ìdajì san, ó di ₦24,000. Bí olùkọ́ bá jẹ́ mẹ́ta, tí a kò tilẹ̀ yọ owó ṣọ́ọ̀kì kúrò, ₦8,000 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan fún oṣù kan. Àpẹẹrẹ ni a fi èyí ṣe o, kì í ṣe ìwé owó ilé kéwú kankan. Ẹ fi iye tí ẹ ń san ní àdúgbò tiyín rọ́pò rẹ̀, kí ẹ tún un ṣírò, kí ẹ wo ohun tí yóò jáde. Ẹ wá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ owó oṣù tí ó kéré jùlọ tí òfin Nàìjíríà fọwọ́ sí: ₦125 ni ní 1981, ó di ₦18,000 ní 2011, ₦30,000 ní 2019, ₦70,000 láti oṣù keje 2024. Ẹ má sì rò pé òfin ni yóò gba Ùsítáàsì sílẹ̀. Òfin ọdún 2019 yọ ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25 kúrò nínú àwọn tí ó dè. Ilé kéwú mélòó ni ẹ mọ̀ tí olùkọ́ rẹ̀ tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n?

A ní láti fi kún un pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan gbogbo ẹni tí ń kọ́ Lárúbáwá bákan náà. Ẹni tí ìjọba gbà sí ilé-ìwé girama láti kọ́ Lárúbáwá tàbí ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù, ìpele iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi ń sanwó fún un, bíi ti ẹni tí ń kọ́ ìtàn tàbí Yorùbá. Bí owó ìjọba bá pẹ́, ó pẹ́ fún gbogbo wọn ni. Nítorí náà, kì í ṣe èdè Lárúbáwá ni kò níye lórí. Ọwọ́ àwa Mùsùlùmí fúnra wa ni iye rẹ̀ ti ń já wálẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Àwọn tí ó ní kí Ùsítáàsì má gba nǹkan ní ẹ̀rí lọ́wọ́, kò sì yẹ kí á fi í pamọ́ nítorí pé kò bá wa lára mu. Ọlọ́hun kìlọ̀ nínú Suratul Baqarah pé kí á má ta àwọn àmì Òun ní owó pọ́ọ́kú. Nínú Suratu Shu'ara, Nuhu, Hudu, Salihu, Lutu àti Shu'aib, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó sọ fún ìjọ rẹ̀ pé òun kò béèrè owó iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Hádíìsì kan tún wà nínú ìwé Abu Dawud, nípa Ubadah ọmọ Samit (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i). Ó kọ́ àwọn kan nínú àwọn aláìní tí ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ mọ́sálásí Ànábì ní ìwé kíkọ àti Àlùkùránì. Ọ̀kan nínú wọn fún un ní ọrun ọdẹ. Ó bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun ó máa bá a) léèrè, èsì tí ó gbọ́ sì jẹ́ ìkìlọ̀ líle tí ó mẹ́nu ba iná. Imam Abu Hanifah kò fẹ́ kí á gba owó lórí kíkọ́ni ní Àlùkùránì. Imam Ghazali pẹ̀lú kọ ọ́ sínú Ihya pé kí olùkọ́ tẹ̀lé ipa Ànábì, kí ó má máa wá èrè ayé lórí ìmọ̀.

Ẹ̀rí tí ó wà ní ọwọ́ kejì náà kò kéré. Bukhari gbà á wá pé àwọn sàhábé kan wà lórí ìrìn-àjò, wọ́n dé ọ̀dọ̀ ìjọ kan tí kò gbà wọ́n ní àlejò. Àkéekèé ta olórí ìjọ náà. Sàhábé kan ní òun yóò ka nǹkan sí i, ṣùgbọ́n òun kò ní ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí wọn kò gbà wọ́n lálejò. Wọ́n dá agbo àgùntàn fún un, ó ka Fatihah, ara ọkùnrin náà yá. Ẹ̀rù ba àwọn tó kù láti jẹ nínú rẹ̀, wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ Ànábì. Kì í ṣe pé ó fọwọ́ sí i nìkan; ó ní kí wọ́n yọ ìpín tòun náà. Nínú ẹ̀gbàwá mìíràn, ó fi yé wọn pé nínú ohun tí ènìyàn ń gba owó iṣẹ́ lé lórí, kò sí èyí tí ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i ju Tírà Ọlọ́hun lọ. Ẹ tún rántí ọkùnrin tí kò ní nǹkan kan láti fi san sàdáákì, tí òrùka irin pàápàá kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó mọ̀ nínú Àlùkùránì ni Ànábì fi so yìgì fún un. Lẹ́yìn ogun Badr, ní ọdún 624, àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan wà tí wọn kò ní owó tí wọn yóò fi ra ara wọn padà. Wọ́n ní kí ẹni tí ó mọ ìwé kíkọ nínú wọn kọ́ ọmọ mẹ́wàá ní Mẹ́dínà, kí ó sì máa lọ. Kèfèrí ni àwọn olùkọ́ wọ̀nyí, ọ̀tá ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ a ka iṣẹ́ wọn sí owó, a sì mọ iye tí ó jẹ́.

Báwo ni a ó ṣe so ọ̀nà méjèèjì pọ̀? Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ sọ nípa ọ̀rọ̀ tita àmì Ọlọ́hun ni pé ẹni tí ó yí òtítọ́ padà tàbí tí ó bò ó mọ́lẹ̀ nítorí èrè ni ó bá wí. Àwọn kan sì ṣàlàyé nípa Ubadah pé ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà nítorí Ọlọ́hun láìdá owó kankan, kí ọrun tó dé. Àti pé ọwọ́ àwọn tálákà tí ìlú ń bọ́ ni ọrun náà ti wá. Ní tiwa, a rò pé ibi tí ó ṣe pàtàkì nìyẹn. Ẹni tí ó ṣe nǹkan ní sàárà, kí ó má ṣe yíjú padà béèrè owó rẹ̀. Ẹni tí a sì gbà síṣẹ́, kí a má ṣe yíjú padà sọ fún un pé sàárà ni ó ṣe. Òjijì ni ìkìlọ̀ náà ń gún lápá méjèèjì. Imam Malik, ẹni tí àwa Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé nínú fíkíhì, gba owó iṣẹ́ olùkọ́ láàyè. Àwọn onímọ̀ Hanafi tí ó dé lẹ́yìn pàápàá gbà á láàyè nígbà tí wọ́n rí i pé ohun tí báítúlmáálì ń fún àwọn olùkọ́ ti dáwọ́ dúró, tí kíkọ́ni sì fẹ́ parẹ́. Ní ti Ghazali, àwọn tí ń fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ yọ máa ń gbàgbé ibi tí ó ti ṣiṣẹ́. Láti 1091 sí 1095, ó jẹ́ olùkọ́ ní Nizamiyyah ti Bàgídáádì, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní wákàfù tí ń bọ́ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Ó rọrùn láti sọ fún olùkọ́ pé kí ó má wojú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nígbà tí ìlú ti pèsè oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìdádì mọ ọ̀rọ̀ kan tí à ń pè ní ajr. Òun ni a máa ń túmọ̀ sí láádá. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Suratu Talaq: nígbà tí ọkọ àti aya bá kọ ara wọn, tí ìyá sì ń fún ọmọ lọ́mú, Ọlọ́hun ní kí bàbá fún un ní ajr rẹ̀. Owó ni. Ẹ tún ṣí Suratul Qasas. Ànábì Musa fa omi fún ẹran àwọn ọmọbìnrin méjì ní Madyan láìbéèrè nǹkan kan, ó padà sábẹ́ ibòji, ó ń tọrọ oore lọ́wọ́ Olúwa rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn padà wá pẹ̀lú ìtìjú, ó ní bàbá òun ń pè é kí ó lè san ajr omi tí ó fà. Ẹ kíyè sí i: ẹni tí ó ṣiṣẹ́ kò béèrè, ẹni tí a ṣe iṣẹ́ fún ni ó ránṣẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sì di iṣẹ́ gidi, bàbá náà kò sọ pé òun kò ní gbàgbé rẹ̀. Ó dárúkọ ọdún mẹ́jọ, ó ní bí ó bá pé é ní mẹ́wàá, ìfẹ́ inú tirẹ̀ ni, ó sì dárúkọ ohun tí yóò fún un. Ànábì Ọlọ́hun ni Musa, àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ní iye. Ọ̀rọ̀ ajr yìí kan náà ni Lárúbáwá ń lò fún èrè ọ̀run àti fún owó iṣẹ́. Àwa ni a la ọ̀rọ̀ náà sí méjì, tí a fún Ùsítáàsì ní apá kan, tí a sì fi apá kejì sápò.

Bí a bá fẹ́ mọ bí ẹni tí ó tẹ̀lé Malik ṣe ń ṣètò ọ̀rọ̀ yìí, ìlú Qayrawan ní Tùnísíà ni kí á lọ. Muhammad ọmọ Sahnun, tí ó kú ní ọdún 256 Híjíírà, èyí tí í ṣe 870, kọ ìwé kékeré kan lórí ìwà àwọn olùkọ́, Adab al-Mu'allimin. Ibẹ̀ ni ó ti sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè gba olùkọ́ fún àkókò tí a mọ̀ ní iye owó tí a mọ̀, àti ẹ̀tọ́ rẹ̀ nígbà tí ọmọ bá parí Àlùkùránì. Al-Qabisi, ọmọ ìlú kan náà, tí ó kú ní 1012, tún ọ̀rọ̀ náà gbé. Àlàyé rẹ̀ kò ní ẹ̀wù lọ́rùn: bí a bá ní kí olùkọ́ má gba owó, ìba díẹ̀ ni yóò kù tí yóò máa kọ́ni, ọ̀pọ̀ ọmọ yóò sì dàgbà láìmọ Àlùkùránì.

Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ìwé Ibn Sahnun tí ó yẹ kí àwa olùkọ́ kà sókè kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Nítorí pé ẹni tí a gbà síṣẹ́ ni olùkọ́, kò gbọdọ̀ fi àwọn ọmọ sílẹ̀ kí ó lọ síbi ìsìnkú àti irú rẹ̀ ní àsìkò iṣẹ́. Kò gbọdọ̀ rán wọn ní iṣẹ́ ara rẹ̀. Kò gbọdọ̀ máa fi dandan gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ wọn lé orí owó rẹ̀. Owó tí òbí san ni ó fún òbí ní ẹnu láti sọ gbogbo èyí. Ẹ wá wo ọ̀sán Sátidé ní àdúgbò wa. Ìsọmọlórúkọ wà ní òpópónà kan, yìgì wà ní èkejì, fìdáù wà ní ẹ̀kẹta. Ùsítáàsì ti wọ jàláàbíà funfun jáde, ọmọ tí ó dàgbà jùlọ ni ó ń kọ́ àwọn yòókù, bí ó bá ń kọ́ wọn. Ta ni yóò bá a wí? Ohun tí wọn yóò tẹ̀ fún un níbi yìgì kan ṣoṣo lè ju ohun tí ilé kéwú fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Bàbá tí kò san nǹkan kan, tí ó bá ní kí Ùsítáàsì jókòó ti ọmọ òun, ẹnu rẹ̀ kò gbà á. Ní ọjọ́ tí ebi bá pọ̀ jù, yóò wá rí i pé hántú àti tíírà ń mówó wọlé ju nahw lọ. A kì í ṣe agbẹjọ́rò fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń wàásù tako tíírà láti orí mínbárì, a kì í béèrè iye tí ilé kéwú rẹ̀ san fún un lóṣù tó kọjá.

Àwọn ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí mọ ìyókù. Àwọn tí ó mọ kéwú jùlọ nínú ẹgbẹ́ wọn, tí ó yẹ kí ó máa kọ́ àwọn àbúrò, ni ó ń gun ọ̀kadà tàbí ń tajà foonu. Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ràn ẹ̀sìn. Ẹlòmíràn ti lọ wá ọmọ fẹ́, àwọn ará ilé ọmọbìnrin náà yìn ín fún ìrun àti ohùn kéwú rẹ̀, wọ́n ní ọmọ dáadáa ni, wọ́n sì bi í pé iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe. Nígbà tí ó ní olùkọ́ kéwú ni òun, wọ́n ní, "Yàtọ̀ sí ìyẹn ńkọ́?" Àwọn tí ó béèrè bẹ́ẹ̀ jẹ́ Alhaji àti Alhaja. Wọ́n mọ iye tí Ùsítáàsì ń gbà, nítorí pé àwọn ni wọ́n ń san án.

Ẹ máa ṣe rò pé òbí nìkan ni a dojú kọ. Mùdíírì mìíràn wà tí ń gba owó ìwọlé, owó ìdánwò, owó ìwé-ẹ̀rí àti owó aṣọ wòlímọ̀, tí ó sì ń sọ fún àwọn olùkọ́ rẹ̀ pé nítorí Ọlọ́hun ni gbogbo wọn ń ṣe é. A ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí oṣù mẹ́rin kọjá láìsí owó, nígbà tí ó sì dé, wọ́n pín in bí ẹni tí ń pín sàárà, wọ́n ní kí á ṣàdúrà. A ṣe àdúrà náà. Bukhari gba hádíìsì kan wá pé ènìyàn mẹ́ta wà tí Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ yóò jẹ́ alátakò wọn ní Ọjọ́ Ìdájọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tí ó gba òṣìṣẹ́, tí ó gba iṣẹ́ rẹ̀ pé, tí kò sì fún un ní owó rẹ̀. Kò yọ ilé kéwú sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí ó le ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, a kò sì fẹ́ fò ó. Bí a bá sọ kéwú di ohun tí a ń dá owó lé, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ọmọ aláìní? Òtítọ́ ni pé ọmọ opó àti ọmọ alágbàṣe ni ó kún inú ilé kéwú wa jù, ọmọ olówó ti ní Ùsítáàsì nínú pálọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ẹni tí ń ru ẹrù yìí lọ́wọ́lọ́wọ́. Bí ọmọ ogún bá ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnì kan ń san owó wọn: Ùsítáàsì ni. Ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń bá a san án. Ẹni tí ó tálákà jùlọ ní àdúgbò ni a gbé gbogbo sàárà àdúgbò lé lórí. Bẹ́ẹ̀ àwọn tí ó lè gbé e ń bẹ. Mọ́sálásí wa ń gba mábù àti ẹ̀rọ amúlétutù. Ní ọjọ́ wòlímọ̀, àwọn òbí tí wọ́n jẹ owó ọ̀sẹ̀ fún ọdún kan á ta tapólì, á gbé rọ̀bà omi àti màlúù wá, á dá aṣọ ẹgbẹ́. A kò ní kí wọ́n má yọ̀. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù méjì tí a kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mọ́sálásí, tí a fi ṣe wákàfù, tí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó ilé rẹ̀ ti olùkọ́ ni, yóò bọ́ Ùsítáàsì ju wòlímọ̀ mẹ́wàá lọ, ọmọ opó yóò sì kẹ́kọ̀ọ́ láìjẹ́ gbèsè. Ìròyìn kan wà pé Umar (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) ń san dírámù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóṣù fún olùkọ́ mẹ́ta tí ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Mẹ́dínà. Láti inú owó ìlú ni, kì í ṣe láti àpò àwọn ọmọ.

Àwọn kan yóò ní, "Ṣé owó kò ní ba àníyàn jẹ́?" Nígbà tí Abu Bakr (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) di Khalifah, ó gbé aṣọ títà lé èjìká ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń lọ sọ́jà. Umar pàdé rẹ̀, ó bi í pé níbo. Abu Bakr ní kí ni òun yóò wá fi bọ́ àwọn ará ilé òun? Wọ́n dá owó fún un láti inú báítúlmáálì kí ó lè gbájú mọ́ iṣẹ́ Mùsùlùmí. Bí owó bá lè ba àníyàn jẹ́, ebi náà lè bà á jẹ́, kíákíá sì ni. Ùsítáàsì tí ó ní iṣẹ́ mìíràn, tí ó ní òun kò ní gba kọ́bọ̀, kí Ọlọ́hun gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni kí ó yan án fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ẹlòmíràn ni ó ń fi owó ẹni ẹlẹ́ni ṣe sàárà.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ọmọ sí ilé kéwú ní sáà tí ń bọ̀, ẹ bi mùdíírì léèrè èló ni, kí ẹ tún bi í pé èló nínú rẹ̀ ni yóò dé ọwọ́ ẹni tí yóò kọ́ ọmọ yín gan-an, kí ó kọ méjèèjì sínú ìwé kan. Bí agbára yín kò bá gbé e, ẹ sọ ọ́ ní gbangba fún ẹgbẹ́ tàbí lémọ́mù kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí Ùsítáàsì yóò máa wúkọ́. Ní ti iye, àwa kò lè dá a fún gbogbo ìlú láti orí ìwé yìí, nítorí pé Èkó yàtọ̀ sí Ìsẹ́yìn. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ wo iye tí ẹ ń san fún olùkọ́ ìṣirò.